Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà

Ẹni tí ó bá gba ojú ọ̀nà Ìgbò-Ọrà wọ Ìdèrè ní ọjọ́ ọjà yóò rí i pé ọ̀rọ̀ òwò kò mọ sí ẹnu nìkan mọ́ láàárín àwọn ará Ìbàràpá, nítorí pé ìyá tí ó jókòó ti àpò gàrí àti igbá ẹ̀gúsí, tí ó wé gèlè, tí ó pọn ọmọ ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn, ní fóònù kékeré kan tí ó ká mọ́ ìdí aṣọ, síìmù méjì ni ó sì wà nínú rẹ̀: ọ̀kan ni àwọn oníbàárà Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta mọ̀ ọ́n mọ́, èkejì ni àwọn ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Èkó fi ń pè é. Ìwé rẹ̀ kò jìnnà, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí a ń tẹ̀ tí fóònù fi ń ká ohùn sílẹ̀. Yóò gbé e súnmọ́ ẹnu, yóò sọ iye tí kóńgò ẹ̀gúsí dé láàárọ̀ yìí, yóò sọ iye àpò tí mọ́tò lè kó kí ọjà tó tú, yóò gbé àtàǹpàkò kúrò, ohùn rẹ̀ yóò sì ti dé Bódìjà kí ó tó fi etí ìborùn nu òógùn ojú.

Ibi síìmù méjì yẹn ni ọ̀rọ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀. Ní gbogbo ọdún tí WhatsApp fi gba ipò lọ́wọ́ lẹ́tà, tí ó gba ipò lọ́wọ́ ìpè, tí ó sì di gbàgede tí ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹgbẹ́ alájọ, ìjọ, ilé kéwú àti mọ̀lẹ́bí ti ń pàdé, nọ́ńbà kan ṣoṣo ni áàpù náà ń gbà lórí fóònù kan, àfi bí ẹni pé gbogbo ayé ni agbára wọn ká fóònù méjì. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí nọ́ńbà rẹ̀ méjèèjì ṣiṣẹ́ lórí fóònù kan ṣoṣo tí ó rí rà, ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tí ń tún fóònù ṣe ní ẹ̀bá títì ni ó sábà máa ń gbà lọ, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti ń bá a fi èyí tí gbogbo wa ń pè ní GB sí i. GBWhatsApp kì í ṣe ọmọ bíbí inú WhatsApp. Àwọn ẹni ìta ni ó tú WhatsApp wò, tí wọ́n tún un tò, tí wọ́n sì fi ohun tí àwọn ènìyàn ti ń bẹ̀bẹ̀ fún kún un, èyí tí nọ́ńbà kejì lórí fóònù kan náà jẹ́ olórí rẹ̀, tí fáìlì ńlá tí ti onílé kò gbà tẹ̀lé, àti fídíò status tí a lè fi pamọ́, àti iṣẹ́ tí a lè kọ sílẹ̀ lálẹ́ kí ó dá ara rẹ̀ lọ ní òwúrọ̀. Kò sí lórí àtẹ Google Play. Ọwọ́ ọ̀rẹ́ sí ọwọ́ ọ̀rẹ́ ni ó ń gbà rìn, síbẹ̀ ó rìn jìnnà.

Àwọn tí ó ni WhatsApp kò fi ojú rere wo èyí rí. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2015, wọ́n ti ilẹ̀kùn fún wákàtí 24 mọ́ àwọn tí ń lo WhatsApp Plus, tí ó jẹ́ ẹ̀gbọ́n GB. Ní oṣù kẹta ọdún 2019, wọ́n kéde pé ẹni tí ó bá ń gba ojú WhatsApp Plus tàbí GB wọlé yóò bá ilẹ̀kùn ní títì fún ìgbà díẹ̀, àti pé bí kò bá padà sí ojúlówó, ó lè má rí ẹsẹ̀ gbé wọlé mọ́ láéláé pẹ̀lú nọ́ńbà yẹn. Ẹ rántí pé ẹni tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, inú nọ́ńbà yẹn ni gbogbo oníbàárà rẹ̀ wà, inú rẹ̀ ni àkọsílẹ̀ ẹni tí ó jẹ ẹ́ lówó wà, inú rẹ̀ sì ni ohùn ìyá rẹ̀ tí ó ti kú lè wà. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, nígbà tí ó ku díẹ̀ kí ó pé ọdún mẹ́sàn-án tí wọ́n ti kọ́kọ́ na ẹgba, àwọn fúnra wọn jáde wá sọ fún gbogbo ayé pé láti ìgbà náà lọ, nọ́ńbà méjì lè wà lórí fóònù Android kan ṣoṣo. Ohun tí wọ́n torí rẹ̀ nà wá ni wọ́n padà wá gbé fún wa bí ẹ̀bùn, ẹnikẹ́ni kò sì sọ fún àwọn tí wọ́n nà pé ẹ pẹ̀lẹ́.

Èrò mi lórí ọ̀rọ̀ yìí kò fara sin. Ẹni tí ó ń gba ojú áàpù ẹni ìta wọ inú àwọn ilé ńlá orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ̀nyí kì í ṣe olè, kì í sì í ṣe ọ̀tá. Ohun tí onílé kọ̀ láti ṣe fún un ni ó ń wá kiri. Onílé tí ó bá fẹ́ dí ọ̀nà yẹn, ó yẹ kí òfin mú un kí ó kọ́kọ́ la òmíràn tí ó tó ti àkọ́kọ́, kí ó sì fún ènìyàn ní àkókò láti kó ẹrù rẹ̀ gba ibẹ̀. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: àwọn baba wa kò fi ọ̀rọ̀ yìí ṣeré, nítorí wọ́n mọ̀ pé ìlú tí ọ̀nà kan ṣoṣo bá wọ ọjà rẹ̀, ẹni tí ó bá dúró sí ẹnu ọ̀nà yẹn ni ó di ọba ìlú náà.

Ìdèrè gan-an ní ẹ̀rí nínú ìtàn pé ẹni tí ń lo ohun èlò ni ó mọ ibi tí ó ti ń jò. Nígbà tí sòbìà ń bá gbogbo Ìbàràpá fínra, tí ó ń jáde lára àgbẹ̀ ní àkókò tí ó yẹ kí ó wà lóko, tí ó ń sọ abiyamọ di ẹni tí ń fi ìdí wọ́, àwọn olùkọ́ àti oníṣègùn láti Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n ti fi ibùdó ìlera wọn sọlẹ̀ sí Ìgbò-Ọrà láti ọdún 1963, wá sí Ìdèrè wá ṣe iṣẹ́, William Brieger àti J. D. Adéníyì sì wà lára àwọn tí ó ṣe é débi pé orúkọ Ìdèrè di mímọ̀ láàárín àwọn onímọ̀ ìlera káàkiri àgbáyé. Kì í ṣe pé wọ́n gbé ohun tí wọ́n ti ṣe parí wá kí wọ́n sì ní kí ìlú gbà á bẹ́ẹ̀. Nígbà tí ó di ọ̀rọ̀ asẹ́ tí a ó fi máa sẹ́ omi mímu láàárín ẹ̀wádún 1980, àwọn aránṣọ ìlú ni ó rán an, àwọn ọmọ ìlú tí a ti kọ́ ní iṣẹ́ ìtọ́jú ìlera ni ó sì ń tà á fún aládùúgbò wọn. Ní ọdún 2013 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ọwọ́ sí i pé sòbìà ti kúrò ní Nàìjíríà. Ọwọ́ púpọ̀ ni ó lé e lọ, ọwọ́ aránṣọ Ìdèrè sì wà níbẹ̀. Bí àwọn ará Yunifásítì bá ti sọ pé asẹ́ tí àwọn kò fi ọwọ́ ara wọn rán kò gbọdọ̀ kan omi, mélòó nínú wa ni ìbá ṣì máa fi ẹsẹ̀ tiro?

Kì í ṣe WhatsApp nìkan ni ó ń hu ìwà yìí, kì í sì í ṣe òun ni ó hù ú tí ó burú jù. Ẹ jẹ́ kí n yà sí ọ̀rọ̀ Twitter, tí wọ́n sọ orúkọ rẹ̀ di X ní ọdún 2023, nítorí pé ibẹ̀ ni ìtàn náà ti fojú hàn jù lọ. Nígbà tí Twitter bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2006, ahéré lásán ni. Àwọn àlejò ni ó kọ́ ọ di ààfin. Ilé iṣẹ́ kékeré kan ní Amẹ́ríkà, Iconfactory, ni ó ṣe Twitterrific ní ọdún 2007, àwọn ni ó sì kọ́kọ́ fi ẹyẹ ṣe àmì, kí ayé tó wá máa mọ Twitter mọ́ ẹyẹ. Chris Messina, tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ wọn, ni ó dá a lábàá ní ọdún kan náà pé kí a máa fi àmì # síwájú ọ̀rọ̀ kí ọ̀rọ̀ tí ó jọra lè wà lójú kan. Àwọn tí ń lò ó lójoojúmọ́ ni ó sì dá àṣà títún ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn gbé jáde sílẹ̀. Kódà áàpù tí Twitter ń pè ní tirẹ̀ lórí iPhone, ọwọ́ ẹni ìta tí ó ṣe é ní Tweetie ni wọ́n ti rà á ní ọdún 2010.

Ní ilẹ̀ tiwa, ayé BlackBerry ni Twitter gbòde, UberTwitter, tí ó jẹ́ áàpù ẹni ìta, sì ni ọ̀pọ̀ ọmọ ilé ìwé gíga fi mọ̀ ọ́n, nítorí pé ó rọrùn lórí fóònù yẹn, kì í sì í jẹ dátà ní ìjẹkújẹ. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kejì ọdún 2011, Twitter já UberTwitter kúrò lẹ́ẹ̀kan náà, ó ní ó rú òfin, àwọn tí ń gba ojú rẹ̀ wọlé sì jí bá ilẹ̀kùn ní títì láìmọ ohun tí wọ́n ṣe. Ó tó ọjọ́ díẹ̀ kí wọ́n tó gbà á padà, orúkọ rẹ̀ sì ti di UberSocial. A kò bínú kúrò. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2012, nígbà tí ìlú gbóná nítorí owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, orí Twitter ni àwọn ọ̀dọ́ ti ń pe ara wọn jọ. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹta ọdún náà, Kọ́lá Túbọ̀sún, onímọ̀ èdè, pe àwọn ọmọ Oòduà jọ kí wọ́n fi odindi ọjọ́ kan kọ ọ̀rọ̀ sórí Twitter ní èdè Yorùbá, kí onílé lè rí i pé èdè wa tó èdè tí ó yẹ kí a kọ sí ojú ilé rẹ̀. Bí a ṣe fẹ́ràn ilé náà tó nìyẹn: à ń fi èdè abínibí wa bẹ onílé pé kí ó jẹ́ kí á tún ilé rẹ̀ ṣe ní ọ̀fẹ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà ni onílé kéde pé áàpù ẹni ìta kò gbọdọ̀ gba ju 100,000 ènìyàn lọ mọ́ láìtọrọ àṣẹ lọ́wọ́ òun.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìgbà tí Elon Musk san bílíọ̀nù 44 dọ́là ra ilé náà ní oṣù kẹwàá ọdún 2022 ni ó gbé e dé góńgó. Twitter ti ṣèlérí fún Áfíríkà, ó ti yan Accra ní ọdún 2021 pé ibẹ̀ ni orí ilé iṣẹ́ òun ní ilẹ̀ aláwọ̀ dúdú yóò wà. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ọ́fíìsì tuntun ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni, kò sì pé ọ̀sẹ̀ kan tí ìwé ìdádúró fi tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́. Ní àárín oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023, áàpù àwọn ẹni ìta tí ó gbajúmọ̀ jù, títí kan Twitterrific tí ó fún ilé náà ní ẹyẹ, kú ní òru ọjọ́ kan láìsí ìkìlọ̀, nígbà tí ó sì tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wá kọ òfin tí ó dá ikú náà láre. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé owó lé ilẹ̀kùn tí àwọn onímọ̀ ń gbà wọlé wo ọ̀rọ̀ tí ayé ń sọ, owó tí àwọn ìwé ìròyìn sọ pé ó bẹ̀rẹ̀ láti 42,000 dọ́là lóṣù fún ẹni tí ó bá fẹ́ èyí tí ó pọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí èyí jẹ́ fún àwa Yorùbá. Ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ ọmọ Nàìjíríà kan gbé iṣẹ́ tí wọ́n pè ní NaijaSenti jáde, wọ́n ṣa ọ̀rọ̀ Yorùbá, Haúsá, Ìgbò àti Píjìn jọ láti orí Twitter, kí ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà lè mọ ìgbà tí ẹni tí ń sọ èdè wa ń yọ̀ yàtọ̀ sí ìgbà tí inú ń bí i. Àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn ènìyàn wa fi ìfẹ́ kọ sílẹ̀ ní ọ̀fẹ́ ni. Ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, ilẹ̀kùn yẹn di èyí tí olùkọ́ yunifásítì ilẹ̀ wa kò lè fi owó oṣù rẹ̀ ṣí. Ọ̀rọ̀ tiwa ni, èdè tiwa ni, síbẹ̀ dọ́là ni a ó fi rà á padà.

Reddit, gbàgede ìjíròrò mìíràn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣe irú rẹ̀ ní àárín ọdún yẹn kan náà: ó bu owó lé ẹni tí ó ṣe Apollo, áàpù ẹni ìta tí ọ̀pọ̀ fi ń wọ ibẹ̀, ẹni náà ṣírò rẹ̀, ó rí i pé yóò tó ogún mílíọ̀nù dọ́là lọ́dún, ó sì ti áàpù náà pa. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn alábòójútó tí ń tún Reddit ṣe láìgba kọ́bọ̀ ni ó ti ojúlé wọn láti fi ẹ̀hónú hàn, onílé kò sì yí ọwọ́ padà. Bí a bá ta ará ilé ẹni lọ́pọ̀, a kì í rí i rà ní ọ̀wọ́n mọ́.

A mọ̀ ní Ìbàràpá ohun tí ó túmọ̀ sí kí ọ̀nà dí ní ọjọ́ tí a nílò rẹ̀ jù. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹfà ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ kéde pé òun dá Twitter dúró ní Nàìjíríà, lẹ́yìn tí Twitter pa ọ̀rọ̀ kan tí Ààrẹ Buhari kọ rẹ́. Ní ọjọ́ karùn-ún, àwọn ilé iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ti dí i. Òru ọjọ́ karùn-ún yẹn gan-an ni àwọn agbébọn ya wọ Ìgàngàn, ọ̀kan nínú Ìbàràpá méje, ọmọ ìyá Ìdèrè, wọ́n pa ènìyàn tí ó lé ní mẹ́wàá, wọ́n sì dáná sun ààfin Aṣígangan, ọba ìlú náà. Àwọn ọmọ Ìbàràpá tí ó wà lẹ́yìn odi ń wá ìròyìn ilé, àwọn tí ó wà nílé ń wá ẹni tí yóò gbọ́ igbe, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí igbe ń gbà dé etí ayé sì ti dí láti àárọ̀ ọjọ́ náà. Mo mọ̀ dájú pé ìjọba ni ó dí ọ̀nà yẹn, kì í ṣe Twitter, n kò sì fẹ́ da ẹ̀bi ẹnìkan lé ẹlòmíràn lórí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ wò ni pé ní gbogbo ọjọ́ 222 tí ìdádúró náà fi wà, títí ó fi di ọjọ́ kẹtàlá oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, àwọn tí ó rí ọ̀nà gbà, ojú áàpù ẹni ìta, irú èyí tí a ń pè ní VPN, tí ń gba ọ̀nà mìíràn yí ìdènà ká, ni wọ́n gbà. Irú ilẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé tí àwọn onílé wọ̀nyí ń kórìíra ni ó jẹ́ kí a gbọ́ ohùn ara wa.

Onílé ní àwíjàre, ó sì yẹ kí a gbọ́ ọ kí a tó dá ẹjọ́. Àwọn tí ó ni WhatsApp ní láti oṣù kẹrin ọdún 2016 ni àwọn ti ń fi kọ́kọ́rọ́ ti ọ̀rọ̀ ẹni méjì pa tí ẹnì kẹta kò fi lè gbọ́, àti pé áàpù tí àwọn kò mọ ẹni tí ó ṣe é lè tú kọ́kọ́rọ́ yẹn. Òótọ́ ni. Ní ọdún 2021, ilé iṣẹ́ Kaspersky tú àṣírí pé kòkòrò kan tí ń jẹ́ Triada ti wà nínú FMWhatsApp, tí ó jẹ́ irú áàpù kan náà pẹ̀lú GB. Ní ọdún 2022, wọ́n rí i nínú YoWhatsApp, tí ó jẹ́ irú rẹ̀ mìíràn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2022 kan náà ni Meta, tí ó ni WhatsApp, pe ilé iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ HeyMods àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lẹ́jọ́ pé wọ́n fi irú áàpù bẹ́ẹ̀ tan ènìyàn tí ó lé ní mílíọ̀nù kan tí wọ́n sì gba ilé WhatsApp wọn mọ́ wọn lọ́wọ́. Ẹni tí a ní kí ó fẹ́ni lójú, ata ni ó fi sẹ́nu. Bí ẹnikẹ́ni bá ka ìwé yìí tí GB wà lórí fóònù rẹ̀, n kò ní parọ́ fún un pé ewu kò sí níbẹ̀, pàápàá bí ó bá ń fi fóònù kan náà ṣe iṣẹ́ báńkì.

Ṣùgbọ́n kí a lé akátá jìnnà ná, kí a tó fi àbọ̀ bá adìyẹ. Akátá ni HeyMods àti àwọn tí ó ń fi kòkòrò sínú áàpù. Adìyẹ ni ìyá onígàrí tí kò wá ju nọ́ńbà kejì lọ. Ẹjọ́ tí Meta pe àwọn akátá dára, n kò rí ohun tí ó burú nínú rẹ̀. Èyí tí ó burú ni pé adìyẹ ni wọ́n kọ́kọ́ ti mọ́ta, láti ọdún 2015, kí wọ́n tó pe akátá lẹ́jọ́ ní ọdún 2022, àti pé bí wọ́n ṣe sọ gbogbo áàpù ẹni ìta di èèwọ̀ láìya ti ọmọlúàbí sọ́tọ̀ kúrò lára ti ọ̀daràn ni ó jẹ́ kí ọ̀daràn rí ọjà tà. Bí wọ́n bá ti ní ìwé kan tí àwọn tí ń ṣe áàpù lè forúkọ sí, tí a yẹ iṣẹ́ wọn wò, tí a fi àmì lé èyí tí ó mọ́, ta ni yóò tún lọ máa gba áàpù lọ́wọ́ ẹni tí a kò mọ ilé rẹ̀?

Ẹni tí ó bá sì sọ pé kò ṣeé ṣe, kí ó wo ilẹ̀ Yúróòpù. Òfin tí wọ́n ń pè ní DMA, tí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí tẹ̀lé ní dandan láti ọjọ́ keje oṣù kẹta ọdún 2024, sọ fún WhatsApp pé bí ilé iṣẹ́ ìfọ̀rọ̀ránṣẹ́ mìíràn bá béèrè, kí ó la ọ̀nà fún un, kí ẹni tí ó wà nínú áàpù tọ̀hún lè bá ẹni tí ó wà nínú WhatsApp sọ̀rọ̀, kí kọ́kọ́rọ́ má sì tú. Ohun tí Meta sọ fún wa fún ọ̀pọ̀ ọdún pé ewu ni, ó ṣe é fún wọn, nítorí pé wọ́n ní òfin, wọ́n sì ní ẹni tí yóò mú un. Ọmọ Ìdèrè tí ó ń gbé Berlin wà lábẹ́ òfin yìí. Ìyá rẹ̀ tí ó ń tà ní ọjà Ìdèrè kò sí níbẹ̀.

A kò lè sọ pé ilẹ̀ wa kò ní eyín. Òfin ìdíje òwò àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 wà, òun ni ó sì fún àjọ FCCPC ní agbára. Ní oṣù keje ọdún 2024, FCCPC bu ìtanràn 220 mílíọ̀nù dọ́là fún Meta, nítorí pé ìlànà tí WhatsApp gbé jáde ní ọdún 2021 lórí àṣírí àwọn tí ń lò ó kò fún ọmọ Nàìjíríà ní àǹfààní láti kọ̀, nígbà tí ó fún àwọn ará Yúróòpù. Meta pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ilé ẹjọ́ tí ń gbọ́ irú ẹjọ́ náà sì fi ìdí ìtanràn múlẹ̀ ní oṣù kẹrin ọdún 2025. Nígbà tí Meta sọ pé bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ó ṣeé ṣe kí òun kó Facebook àti Instagram kúrò ní Nàìjíríà, àyà àwọn kan já. Tèmi kò já. Ẹni tí ó ní irú èrò tó báyìí nílé kì í deédéé ti ilẹ̀kùn rẹ̀, ìhalẹ̀ náà sì fi hàn pé ibi tí ó yẹ kí a tẹ̀ ni a tẹ̀.

Ìtanràn ń jẹ ẹni tí ó ti ṣẹ̀ níyà. Kò la ọ̀nà fún ẹni tí ọ̀nà ti dí mọ́. Òfin tí yóò la ọ̀nà ni kò tíì sí, iṣẹ́ àwọn tí a dìbò fún sì ni. Ìbàràpá ní aṣòfin méjì ní ilé ìgbìmọ̀ aṣojú-ṣòfin ní Àbújá, ọ̀kan fún Ìbàràpá Àárín Gbùngbùn àti Àríwá, èkejì fún Ìbàràpá Ìlà-Oòrùn àti Ìdó. Ohun tí mo fẹ́ kí a bi wọ́n kò ju pé ìgbà wo ni wọn yóò gbé àbá òfin dìde tí yóò sọ pé ilé iṣẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ó bá tóbi tó báyìí kò gbọdọ̀ pa áàpù ẹni ìta kan láìfún àwọn tí ń lò ó ní ìkìlọ̀ tí ó pé oṣù mẹ́fà, kò gbọdọ̀ gba nọ́ńbà ọmọ Nàìjíríà mọ́ ọn lọ́wọ́ láìjẹ́ kí ó kó ọ̀rọ̀ àti orúkọ àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde ná, àti pé ohunkóhun tí ó bá ti ṣe fún ará Yúróòpù nípa ọ̀nà àbáwọlé, dandan ni kí ó ṣe é fún wa.

Títí òfin náà yóò fi dé, ẹ̀yin akọ̀wé ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹ ra ìwé àkọsílẹ̀ kan, kí ẹ da orúkọ àti nọ́ńbà gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ kọ síbẹ̀ pẹ̀lú bíírò, kí ẹgbẹ́ má baà túká ní ọjọ́ tí fóònù ẹnìkan ṣoṣo bá bá ilẹ̀kùn ní títì. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ní Èrúwà, Lánlátẹ̀, Ìgbò-Ọrà, Ìdèrè, Àyétẹ́, Tápà àti Ìgàngàn sì fi ọwọ́ sí ìwé kan, kí a gbé e fún àwọn aṣòfin méjèèjì, kí a fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí FCCPC ní Àbújá, kí a sì béèrè èsì.